Ẹni tó nilẹ̀ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀: Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìjà àwọn tó ń ṣe ṣíìpù fóònù

Bí èèyàn bá wọ ọjà Computer Village n'Ìkẹjà, tó nawó ra fóònù tuntun, ohun tó máa wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ẹni tó tà á fóun ti jèrè tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà ti rí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀ o. Nínú owó tí ọ̀pọ̀ fóònù bá mú wọlé fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é, apá kan wà tó ń gba ìlú San Diego lọ, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, sí àpò ilé iṣẹ́ kan tí kò fọwọ́ kan fóònù ọ̀hún rárá. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni Qualcomm. Òun kọ́ ló ṣe fóònù náà, ó sì lè jẹ́ pé ṣíìpù tó wà nínú rẹ̀ gan-an kì í ṣe tirẹ̀, síbẹ̀ ó ń gba tirẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ láti fi dáko kòkó, bọ́dún bá yí po, á gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fónílẹ̀. Onílẹ̀ kò bá a ro oko, kò bá a fín oògùn sí kòkó, àmọ́ òun ló nilẹ̀. Ohun tí Qualcomm ń gbà nìyẹn, àfi pé dípò ilẹ̀, ìmọ̀ ni tirẹ̀. Iye tó yẹ kí ìṣákọ́lẹ̀ yìí jẹ́, ọwọ́ ẹni tó yẹ kí wọ́n ti gbà á, àti ohun tí onílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe fẹ́ni tó bá kọ̀ tí kò san án, àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ló dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe ṣíìpù fóònù láti ọdún 2005, tó sì gbé wọn dé kóòtù láti Amẹ́ríkà títí dé Gúúsù Kòríà. Ẹni tó bá ń ṣòwò, ì báà jẹ́ òwò kékeré, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún un.

Kí ni ṣíìpù, kí sì ni pátẹ́ǹtì?

Ṣíìpù ni nǹkan pẹlẹbẹ kékeré bí èékánná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú fóònù. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, àmọ́ èyí tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni èyí tó ń bá òpó tẹlifóònù sọ̀rọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní modem. Òun ló ń sọ ohùn èèyàn di ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé, òun náà ló sì ń sọ èyí tó bá dé padà di ohùn. Bí kò bá sí nínú fóònù, fóònù náà kò lè pe ẹnikẹ́ni.

Pátẹ́ǹtì ní tirẹ̀ ni ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó bá hùmọ̀ nǹkan tuntun. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé fún ogún ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan ọ̀hún, kò gbọ́dọ̀ tà á, kò sì gbọ́dọ̀ lò ó, àyàfi tí ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ bá fún un láṣẹ. Ìjọba kì í ṣe oore yìí lásán. Ẹni tó bá gba pátẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó ṣe síta kedere, káwọn mìíràn lè rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀, bí ọdún rẹ̀ bá sì pé, ó ti di ti gbogbo ayé nìyẹn. Àṣẹ tí ẹni tó ni pátẹ́ǹtì bá fún ẹlòmíì láti lò ó ni wọ́n ń pè ní láísẹ́ǹsì. Owó tí wọ́n ń san lórí láísẹ́ǹsì yìí ni ìṣákọ́lẹ̀ tí à ń wí.

Bí Qualcomm ṣe di onílẹ̀

Lóṣù Keje, ọdún 1985, ni Irwin Jacobs, Andrew Viterbi àtàwọn márùn-ún mìíràn dá Qualcomm sílẹ̀ ní San Diego. Lákòókò náà, ìṣòro tó wà nídìí tẹlifóònù alágbèéká ni pé ìwọ̀nba èèyàn ni òpó kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fẹ́ gbà yanjú rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa pín àsìkò fóníkálùkù, bí ìgbà tí àwọn èèyàn tò sídìí kànga, tí wọ́n ń fa omi tẹ̀lé ara wọn.

Ohun tí Qualcomm mú wá yàtọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lórí afẹ́fẹ́ kan náà, àmọ́ kí wọ́n fún oníkálùkù ní kóòdù tirẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró láàárín ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn máa mọ bó ṣe rí. Hausa ń sọ̀rọ̀, Igbo ń sọ̀rọ̀, Yorùbá ń sọ̀rọ̀, ariwo pọ̀, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ Yorùbá máa gbọ́ ẹni tó ń fi Yorùbá pè é, ìyókù á dà bí ariwo létí rẹ̀. CDMA ni wọ́n pe ọgbọ́n yìí. Qualcomm kọ́ ló kọ́kọ́ ro irú rẹ̀, nítorí àwọn ológun ti ń lo ohun tó jọ ọ́ tipẹ́, àmọ́ àwọn ló jókòó tì í títí tó fi ṣeé lò fún fóònù ará ìlú.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sọ nígbà náà pé kò lè ṣeé ṣe. Lóṣù Kọkànlá, 1989, Qualcomm dán an wò ní gbangba ní San Diego. Nígbà tó di 1993, wọ́n gbà á wọlé sínú ìlànà iṣẹ́ tẹlifóònù l'Amẹ́ríkà, ní 1995 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Hong Kong, nígbà tó sì di 1996, Gúúsù Kòríà náà gbé e wọlé fáwọn ará ìlú wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà kò ṣàì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí GSM wọlé ní 2001, MTN àti Econet ló gbé e dé, àmọ́ Starcomms, Multilinks, àti Visafone tó dé lẹ́yìn wọn, CDMA ni wọ́n lò. Òun ló fà á tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù wọn kò fi ní ojú ibi tí wọ́n ń ki SIM sí.

Ẹni tó bá rò pé GSM ló borí CDMA níkẹyìn kò ní jayò pa, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ CDMA tó wà ní Nàìjíríà ti kógbá sílé, MTN ló sì ra Visafone. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Nígbà tí àwọn tó ni GSM fẹ́ gòkè lọ sí 3G, wọ́n rí i pé ọgbọ́n CDMA yẹn náà ló kù táwọn máa lò. Bí gbogbo ayé ṣe bá ara wọn lórí ilẹ̀ Qualcomm nìyẹn, àtẹni tó fẹ́ àtẹni tí kò fẹ́.

Qualcomm fúnra rẹ̀ ti ń ṣe fóònù rí, ó sì ń ṣe ẹ̀rọ òpó. Ní 1999 ló ta iṣẹ́ ẹ̀rọ òpó fún Ericsson, nígbà tó sì di 2000, ó gbé iṣẹ́ fóònù fún Kyocera ti ilẹ̀ Jàpáàn. Iṣẹ́ méjì ló wá gbájú mọ́. Àkọ́kọ́ ni ṣíìpù tó ń ya àwòrán rẹ̀, tó sì ń gbé fáwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi TSMC ti Taiwan láti bá a ṣe. Ìkejì ni láísẹ́ǹsì tó ń gbowó lé lórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣíìpù ló ń mú owó tó pọ̀ jù wọlé, àmọ́ ìdí láísẹ́ǹsì ni èrè tó jọjú wà.

Ọ̀nà tó gba inú ilẹ̀ ìdílé kan kọjá

Fóònù méjì kò lè gbọ́ ara wọn yé bí èyí bá ń sọ tirẹ̀, tí ìyẹn náà ń sọ tirẹ̀. Ìdí nìyí táwọn ilé iṣẹ́ fi máa ń pàdé nínú ẹgbẹ́ bíi ETSI tó fìkàlẹ̀ sí ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn máa tẹ̀ lé. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni 3G, òun ni 4G, òun náà sì ni 5G.

Bí àwọn ará ìlú bá pàdé láti la ọ̀nà ọjà tuntun, tí ọ̀nà náà sì máa gba inú ilẹ̀ ìdílé kan kọjá, ìdílé yẹn lè di alágbára lójijì. Kí wọ́n tó la ọ̀nà, ilẹ̀ wọn kò ju ilẹ̀ lọ, torí ìlú ṣì lè ní ibòmíì làwọn máa gbà. Àmọ́ bí wọ́n bá ti da ọ̀dà sí i tán, tí gbogbo èèyàn ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdílé náà lè gbé igi dábùú ọ̀nà, kí wọ́n ní iye tó bá wu àwọn làwọn máa gbà. Nítorí èyí, wọ́n máa ń gba ìlérí lẹ́nu ẹni tó bá ní pátẹ́ǹtì nínú ìlànà kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ìlérí náà ni pé ó máa yọ̀ǹda láísẹ́ǹsì fún ẹni tó bá fẹ́, ní iye tó bójú mu, láìsí ojúsàájú.

Ìlérí yìí dára, àmọ́ àléébù kan wà lára rẹ̀. Kò sọ iye. Ohun tó bójú mu lójú ẹni tó ń gbowó lè má bójú mu lójú ẹni tó ń san án. Inú àléébù yìí ni gbogbo ìjà tó tẹ̀ lé e ti jáde.

Bí kò sí láísẹ́ǹsì, kò sí ṣíìpù

Òfin mẹ́ta ni Qualcomm fi ń ṣòwò. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó ń ṣe fóònù nìkan ló ń gbowó láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ wọn, kì í fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ṣíìpù ní irú láísẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀. Ìkejì ni pé orí owó odindi fóònù ló ti ń ṣírò ìṣákọ́lẹ̀, kì í ṣe orí owó ṣíìpù. Lórí 3G, ó tó ìdá 5 nínú 100. Ẹ̀kẹta ló le jù. Ilé iṣẹ́ tí kò bá tíì fọwọ́ sí ìwé láísẹ́ǹsì, Qualcomm kò ní ta ṣíìpù fún un.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò kékeré kan là á yé. Bí wọ́n bá ta fóònù kan ní 100 dọ́là, ìdá 5 nínú 100 jẹ́ dọ́là 5. Bí wọ́n bá ta òmíràn tó ní kámẹ́rà tó mọ́lẹ̀ àti ojú gíláàsì tó fẹ̀ ní 500 dọ́là, ó di dọ́là 25. Iṣẹ́ tí ìmọ̀ Qualcomm ń ṣe nínú méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn tó ń bínú ní ńṣe ló dà bí ẹni tó fún èèyàn ní ilẹ̀, tí ẹni yẹn wá kọ́ ilé alájà mẹ́ta sórí rẹ̀, tí onílẹ̀ sì ní orí owó ilé lòun ti máa ka ìṣákọ́lẹ̀ òun. Qualcomm dá wọn lóhùn pé kámẹ́rà àti gíláàsì yẹn kò ní wúlò tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ìmọ̀ tó ń gbé àwòrán náà láti ibì kan dé ibòmíì. Lọ́dún 2018, ó ní òun kò ní ka owó fóònù kọjá 400 dọ́là mọ́, bó ti wù kí wọ́n ta fóònù náà tó.

Kí ló dé tí kò fi fẹ́ fún àwọn tó ń ṣe ṣíìpù ní láísẹ́ǹsì? Ìdáhùn wà nínú òfin Amẹ́ríkà. Bí ẹni tó ní pátẹ́ǹtì bá ti gba owó rẹ̀ lórí nǹkan, tí wọ́n sì ti tà á, agbára rẹ̀ lórí nǹkan yẹn tán síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tún fi ìdí èyí múlẹ̀ ní 2008, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Quanta àti LG. Onílẹ̀ tó ti gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò tún lè lọ dúró de ẹni tó ra iṣu lọ́jà. Bí Qualcomm bá gbowó lórí ṣíìpù tí owó rẹ̀ kéré, kò tún ní lè gbowó lórí fóònù tí owó rẹ̀ tóbi.

Òfin kẹta ló sì gbé ariwo dìde jù. Onílẹ̀ yìí kan náà ló ń ta irúgbìn tó dára jù lọ́jà. Bí àgbẹ̀ bá sọ pé ìṣákọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, kóun gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, wọ́n á ní kò burú, àmọ́ kò ní rí irúgbìn rà lọ́dún yìí. Àgbẹ̀ wo ló lè dúró? Bẹ́ẹ̀, bó bá tilẹ̀ ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìṣákọ́lẹ̀ náà ṣì ń dúró dè é. Ìdí nìyí táwọn akẹgbẹ́ Qualcomm fi ń sọ pé bó ti wù káwọn ta ṣíìpù ní pọ́ọ́kú tó, owó onílẹ̀ tó ń gorí rẹ̀ kò ní jẹ́ kó hàn.

Broadcom wọ̀yá ìjà

Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ kojú Qualcomm gbọnmọgbọnmọ ni Broadcom, tí Henry Samueli àti Henry Nicholas dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1991. Lóṣù Karùn-ún, 2005, Broadcom pe Qualcomm lẹ́jọ́ pé ó ń lo pátẹ́ǹtì òun láìgbàṣẹ. Lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Broadcom, Nokia, Ericsson, NEC, Panasonic àti Texas Instruments para pọ̀ fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù pé Qualcomm kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Qualcomm náà kò káwọ́ lẹ́rán. Òun náà pe Broadcom lẹ́jọ́ ní San Diego lórí pátẹ́ǹtì méjì tó jẹ mọ́ fídíò. Broadcom dáhùn pé ìlànà fídíò tí gbogbo ayé ń lò, tí wọ́n ń pè ní H.264, làwọn tẹ̀ lé, pé bí Qualcomm bá wà nípàdé tí wọ́n ti ṣe ìlànà náà, ó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ nígbà yẹn pé òun nilẹ̀ níbẹ̀. Qualcomm ní rárá, òun kò sí nípàdé kankan lásìkò tí wọ́n ń ṣe ìlànà náà. Ó tẹnu mọ́ ọn títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Lóṣù Kìíní, 2007, níbi tí ìgbẹ́jọ́ ti ń parí lọ, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí Qualcomm fúnra wọn jẹ́wọ́ lórí àga ẹlẹ́rìí pé òun gba íméèlì látọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìlànà náà. Mọ́kànlélógún ni íméèlì tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Nígbà tí wọ́n wá tú ilé wò lẹ́yìn náà, ìwé tó lé ní 46,000 tó yẹ kí wọ́n ti gbé sílẹ̀ fún kóòtù ni wọ́n bá nínú kọ̀ǹpútà wọn. Adájọ́ pàṣẹ pé kí Qualcomm san owó lọ́yà Broadcom, tó lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà fọwọ́ sí i ní 2008 pé Qualcomm kò lè fi pátẹ́ǹtì méjèèjì náà mú ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà yẹn. Ẹni tó jókòó nípàdé ìlú, tó mọ̀ pé ọ̀nà máa gba ilẹ̀ òun, tó dákẹ́ títí wọ́n fi la ọ̀nà tán, kò tún lẹ́nu láti béèrè owó.

Ìyà ti ẹjọ́ kejì tún wá. Lóṣù Kẹfà, 2007, àjọ ITC tó ń rí sí káràkátà pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè l'Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má ṣe kó àwọn fóònù tuntun kan tó ní ṣíìpù 3G Qualcomm wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́, torí wọ́n ń lo ọgbọ́n Broadcom tó ń jẹ́ kí bátìrì fóònù pẹ́. Verizon, tó ń ta fóònù náà fáwọn ará ìlú, kò dúró gbọ́ ibi tí ẹjọ́ máa já sí. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá Broadcom fúnra rẹ̀, ó sì gbà láti máa san dọ́là 6 lórí fóònù kọ̀ọ̀kan.

Lóṣù Kẹrin, 2009, àwọn méjèèjì rí i pé ìjà náà kò lérè. Qualcomm gbà láti san mílíọ̀nù 891 dọ́là fún Broadcom láàárín ọdún mẹ́rin, oníkálùkù sì kó ẹjọ́ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Nokia ti ṣáájú wọn parí tirẹ̀. Lóṣù Keje, 2008, lọ́jọ́ tó yẹ kí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, òun àti Qualcomm fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 15. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú òwò yìí, kò sẹ́ni tó lè ṣe fóònù odindi láìlo ìmọ̀ ẹlòmíì.

Ìjọba dá sí i

Nígbà táwọn ilé iṣẹ́ ń làjà, àwọn ìjọba ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Àjọ tó ń ṣọ́ ìdíje okòwò ní Gúúsù Kòríà bu owó ìtanràn lé Qualcomm ní 2009. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, 2016, wọ́n tún bu òmíràn lé e, tó lé ní tírílíọ̀nù kan won, owó tó lé ní mílíọ̀nù 850 dọ́là nígbà yẹn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sì fọwọ́ sí èyí ní 2023. Ní 2015, ilẹ̀ Ṣáínà gba mílíọ̀nù 975 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún mú kó gbà pé fún fóònù tí wọ́n bá tà ní Ṣáínà, orí ìdá 65 nínú 100 owó fóònù náà ló ti máa ka ìṣákọ́lẹ̀. Èyí wúlò fáwọn tó ń ṣe fóònù níbẹ̀ ju owó ìtanràn lọ.

Ti ilẹ̀ Yúróòpù kò rọgbọ bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kìíní, 2018, wọ́n bu mílíọ̀nù 997 owó euro lé e, pé ó ń fún Apple lówó kó má baà ra ṣíìpù lọ́wọ́ ẹlòmíì. Àmọ́ kóòtù fagi lé e ní 2022. Ní 2019 wọ́n tún bu mílíọ̀nù 242 lé e pé ó ta ṣíìpù ní iye tí kò tó iye tó fi ṣe é, kó lè lé Icera, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kúrò lọ́jà. Èyí ní tirẹ̀ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù dín díẹ̀ kù nínú owó náà ní 2024. Kó tó dìgbà náà, Icera ti di ohun ìgbàgbé. Nvidia rà á ní 2011, ó sì ti ìdí iṣẹ́ náà ní 2015. Ìdájọ́ tó bá dé lẹ́yìn ìsìnkú kò jí òkú.

Apple àti ìjọba Amẹ́ríkà

Lóṣù Kìíní, 2017, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà pe Qualcomm lẹ́jọ́ pé ọ̀nà tó gbà ń ṣòwò kò jẹ́ kí ẹlòmíì rọ́wọ́ mú. Apple náà sì pè é lẹ́jọ́ fún bílíọ̀nù kan dọ́là. Láti 2016 ni Apple ti ń ra ṣíìpù Intel, nígbà tó sì di 2018, Intel nìkan ló wà nínú àwọn iPhone tuntun.

Wọ́n dé kóòtù ní San Diego lóṣù Kẹrin, 2019. Àwọn lọ́yà ṣì ń sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti parí ìjà. Apple gbà láti san owó ńlá, ó sì fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Intel kéde pé òun kò ṣe ṣíìpù 5G fún fóònù mọ́. Kí ló lé Apple padà? Àkókò 5G ti dé, ṣíìpù Intel kò tíì pé, ẹni tó sì ní èyí tó pé ni Qualcomm.

Ẹjọ́ ti FTC ní tirẹ̀ yí bírí. Lóṣù Karùn-ún, 2019, adájọ́ Lucy Koh dá Qualcomm lẹ́bi nínú ìdájọ́ tó lé ní ojú ìwé 200. Àmọ́ lóṣù Kẹjọ, 2020, àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mẹ́ta fagi lé e. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin ìdíje kò fi dandan lé e pé kéèyàn fún akẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà ní láísẹ́ǹsì, pé bí ẹnì kan bá já àdéhùn tó ṣe nínú ẹgbẹ́, òfin àdéhùn ló yẹ kí wọ́n fi mú un. Ní 2021, FTC kó ẹjọ́ náà nílẹ̀.

Ta ló jàre?

Qualcomm ní àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbà pé CDMA lè ṣiṣẹ́, òun ló nawó sí i. Owó tó ń rí nídìí ìṣákọ́lẹ̀ ló fi ń wá ìmọ̀ mìíràn. Bí ẹni tó hùmọ̀ nǹkan kò bá rí èrè jẹ, ta ló tún máa hùmọ̀ èyí tó ń bọ̀?

Àwọn tó ń bá a jà náà ní tiwọn. Texas Instruments kúrò nídìí ṣíìpù fóònù, Broadcom kúrò nídìí modem ní 2014, Nvidia tẹ̀ lé e ní 2015, Intel ní 2019. Ọjà tí gbogbo akẹgbẹ́ ń sá kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń ra ọjà ló máa ń fi àpò rẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló sá. MediaTek ti Taiwan, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1997, dúró ti àwọn fóònù tí owó wọn kò wọ́n, nígbà tó sì di 2020, iye ṣíìpù fóònù tó ń tà ti ju ti Qualcomm lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù Tecno, Infinix àti itel tó kún ọjà Nàìjíríà, ṣíìpù MediaTek tàbí ti Unisoc ilẹ̀ Ṣáínà ló wà nínú wọn.

Apple náà kò gbàgbé. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n parí ìjà, Apple ra iṣẹ́ modem lọ́wọ́ Intel ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ó fún ara rẹ̀ ní àkókò, ó sún láísẹ́ǹsì Qualcomm síwájú di 2027, nígbà tó sì di oṣù Kejì, 2025, ó gbé iPhone 16e jáde pẹ̀lú modem tó ṣe fúnra rẹ̀. Onílẹ̀ ṣì ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àmọ́ àgbẹ̀ ti ní irúgbìn tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún oníṣòwò

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìmọ̀ tí kò níwèé dà bí ilẹ̀ tí kò ní ààlà. Ọ̀dọ́ tó hùmọ̀ ẹ̀rọ tó ń yọ ẹ̀pà tàbí èyí tó ń fi oòrùn gbẹ gàrí lè gba pátẹ́ǹtì lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 1970, fún ogún ọdún, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí i l'Abùjá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e síta fún gbogbo ayé kó tó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè bọ́.

Ìkejì ni pé kí èèyàn ka iye nígbà tó ṣì lè kọ̀. Ìlérí pé owó máa bójú mu kò tó. Ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, tó fẹ́ bá ilé iṣẹ́ ta ọjà, tàbí tó fẹ́ lo ẹ̀rọ ẹlòmíì, kó jẹ́ kí iye wà nínú ìwé kó tó kó ẹrù wọlé. Bí ẹrù bá ti wọlé tán, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹni tó bá ń rajà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo má sùn. Apple, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀, padà lọ bá ẹni tó ń bá ṣẹjọ́ nítorí kò ní ibòmíì láti yà sí. Ohun tó gbà á sílẹ̀ kì í ṣe lọ́yà, ọdún mẹ́fà tó fi kọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni.

Ẹni tó sì jẹ́ onílẹ̀ náà, kó rántí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìṣákọ́lẹ̀ tó bá wúwo jù ló ń lé àgbẹ̀ lọ wá ilẹ̀ mìíràn.